Ọ̀kọ̀ Ọwọ́ Sọ́ọ̀lù

Ìwàásù òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kíkà: Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 18 sí orí 27.

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí àwọn tíṣà kó àwọn ọmọ lọ sí kíláàsì wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ òní ju ọgbọ́n wọn lọ. Àwọn kan nínú wọn mọ̀ ọ́n ju èmi tí mo fẹ́ sọ ọ́ lọ.

Bí a bá ti dárúkọ Dáfídì, Gòláyátì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn: kànnàkànnà, òkúta márùn-ún létí odò, òmìrán tó dojú bolẹ̀. A fẹ́ràn ìtàn yẹn débi pé a ti fi í ṣe eré Kérésì rí, níbi tí kò tiẹ̀ ti bá a mu rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìjà Gòláyátì kò ju ọjọ́ kan lọ láyé Dáfídì. Ẹni tó jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí màbo fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ti ilẹ̀ Fílístínì wá. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ wà. Tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tó yá, ó di àna rẹ̀: Sọ́ọ̀lù ọba. Òmìrán ojú òde, òkúta kan ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ti inú ilé ni kò ní òkúta.

Ọ̀rọ̀ inú ilé tọkọtaya ni mo fẹ́ fi ìtàn yìí sọ. Mo mọ̀ pé Sọ́ọ̀lù kì í ṣe ọkọ Dáfídì, ẹ má wá bá mi jiyàn ìyẹn lẹ́yìn ìsìn. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí agbára dé ọwọ́ Dáfídì fúnra rẹ̀, ohun tó ṣe sí ìyàwó Ùráyà kò ṣeé gbọ́ sétí. Ọjọ́ mìíràn ni ìwàásù yẹn, á sì gbóná. Lónìí, ọ̀kọ̀ ni kí ẹ bá mi wò.

Ní orí 18, Dáfídì ń ta háàpù, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ Sọ́ọ̀lù. Ní orí 19, Sọ́ọ̀lù jókòó nínú ilé ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní orí 20, àsè oṣù tuntun ni wọ́n ń jẹ, ọ̀kọ̀ kò jìnnà. Ní orí 22, ó ń bá àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé lábẹ́ igi lórí òkè, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́. Ní orí 26, ó ti sùn fọnfọn, ó gún ọ̀kọ̀ mọ́lẹ̀ níbi orí rẹ̀. Ọba ni o, ó ní ẹ̀ṣọ́, ó ní ọmọ ogun. Kí ló ń fi ọ̀kọ̀ ṣe nídìí oúnjẹ?

Kò pọn dandan kó jù ú ni. Ó ti tó kí gbogbo ilé mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó gbá ìyàwó rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kò nílò kó tún gbá a mọ́. Kó kàn wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kó kàn gbé ife kalẹ̀ kó dún ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo àwọn ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ fèrè mọ́tò bàbá wọn ní géètì: èyí tó kéré jù ń pa tẹlifíṣọ̀n, èyí tó tẹ̀lé e ń ṣa bàtà jọ, ìyá wọn ń tún ojú rẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń wé gèlè. Kò sí ẹni tó pariwo. Aládùúgbò á ní, ilé yẹn mà tòrò o.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ahọ́n àti eyín náà ń jà. Òótọ́ ni. Èmi àti Ìyá Ìjọ yín náà ń jà; ní Ọjọ́bọ̀ a jà lórí jẹnẹrétọ̀, a ò sì tíì parí rẹ̀ tán. Àmọ́ ẹ ronú sí i díẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń jẹun, ṣé ahọ́n ti gé eyín jẹ rí? Eyín ló máa ń gé ahọ́n jẹ. Ìjà tó bá jẹ́ pé ẹnì kan náà ló ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un. Bí ẹ bá dé ilé tọkọtaya tí ẹ fẹ́ mọ èwo lèwo, ẹ má béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ wo ẹni tó ń bẹ̀rù. Níbi tí ìjà lásán wà, àwọn méjèèjì ló lè sọ pé "n ò gbà" kí ilẹ̀ sì mọ́. Níbi tí ọ̀kọ̀ wà, ẹnì kan ti ń fi ọkàn ka ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó béèrè owó iyọ̀.

Ìfẹ́ ni Sọ́ọ̀lù fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní orí 16, ó fẹ́ràn Dáfídì gidigidi. Nígbà tó di orí 18, láti ọjọ́ tó ti mú un sọ́dọ̀, kò jẹ́ kó padà sí ilé bàbá rẹ̀ mọ́. A máa ń ka ẹsẹ yẹn kọjá bí ẹni pé oore ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nínú ìfẹ́sọ́nà, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ìfẹ́ tó ní kó o má lọ kí ìyá rẹ mọ́. Ìfẹ́ tó ti rí àléébù lára gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òun nìkan. Èyí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìṣínà fóònù rẹ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tó ń ní kó o tan kámẹ́rà kó o fi ibi tó o wà han òun. Ó máa ń dùn lákọ̀ọ́kọ́, irọ́ kọ́. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n wá òun? Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin kọrin, ti Dáfídì wá pọ̀ ju ti ọba lọ nínú orin, Sọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wò ó. Ọ̀rẹ́kùnrin tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́, orin yẹn ló ń gbọ́.

Kì í sì í ṣe obìnrin nìkan. Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé omi sórí iná bí ọ̀rọ̀ bá ti di ariwo, tí á máa wo omi náà, tí á máa wo òun. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bùrọ̀dá, ọkùnrin ni Dáfídì. Òun ló pa Gòláyátì. Nígbà tí ọ̀kọ̀ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi bá a sọ̀rọ̀.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ níbi yìí. Ó ti pẹ́, kì í ṣe ní ìjọ yìí, ẹ yé wo ojú ara yín. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni. Arábìnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó pọn ọmọ, ó mú ọ̀rá dúdú kan dání. Tíṣà ni. Kò sunkún. Ó fa ìwé kan yọ nínú ọ̀rá náà, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, ó ṣí i síwájú mi. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ lórí. Lábẹ́ ọjọ́: ata rodo, 200. Àlùbọ́sà, 150. Magí, 50. Ọkọ̀ lílọ, 100. Ọkọ̀ bíbọ̀, 100. Ó kọ ọ́ rekete bí tíṣà ṣe ń kọ̀wé. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni bírò pupa wà, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ìyẹn: "Àlùbọ́sà ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò wọ́n tó báyìí." "Ó ku 50. Ó dà?" Ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé kan, ó fún un ní máàkì bí ìgbà tí wọ́n ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá: 4 nínú 10. Owó oṣù arábìnrin yìí ni owó tí à ń wí o. Àkáǹtì ọkọ ló ń wọ̀.

Mo wo ojú rẹ̀, mo wo apá rẹ̀. Ọgbẹ́ ni mò ń wá. Mo ní, "Ṣé wọ́n nà yín ni?" Ó ní, "Rárá, sà. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí."

Etí mi gbọ́ "rárá", kò gbọ́ ìyókù. Mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé ọ̀rọ̀ náà kò le. Mo fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta àti ìgò òróró kan. Mo ka ibi tí ìwé Òwe ti sọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n obìnrin àti ilé rẹ̀ sí i létí. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe èyí tó burú jù: mo pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bùrọ̀dá, ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó yín wà."

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí táìsì, ó pè mí ní Bàbá. Arábìnrin náà kò gbé ojú sókè. Ìwé yẹn ló ń tì padà sínú ọ̀rá, díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀rá má baà dún. Mo rí i. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mo sì ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú kí a gbàdúrà.

A ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ ó sọ fún mi pé, Pásítọ̀, ẹ̀mí búburú ni, ọkọ òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dáa. Bíbélì kò jiyàn ìyẹn nípa Sọ́ọ̀lù, ó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba. Dáfídì gan-an ni wọ́n pè wá ṣe ìtúsílẹ̀ fún un: òun ni á máa ta háàpù kí ara ọba lè balẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ìtúsílẹ̀ yìí ló wà, ìka rẹ̀ wà lórí okùn háàpù, nígbà tí ọ̀kọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tó lọ gún ògiri. Ṣé ó wá di ojú, kó fi kún orin? Ó sá. Ẹni tí Sámúẹ́lì ti ta òróró sí lórí ni o, ó sá. Arábìnrin, o lè gbààwẹ̀ fún ọkọ rẹ láti ilé ìyá rẹ. Àdúrà kì í wọ ọkọ̀ kó tó dé ọ̀run.

Kí ẹ sì tún wo èyí. Sọ́ọ̀lù mọ ẹni tó yẹ kó ju ọ̀kọ̀ sí. Sámúẹ́lì dúró níwájú rẹ̀, ó bá a wí kíkankíkan, ó sọ fún un pé ìjọba rẹ̀ ti bọ́. Ọ̀kọ̀ kò gbéra. Bùrọ̀dá tó ń sọ pé inú ló ń bí òun tí òun kì í mọ ohun tí òun ń ṣe, ọ̀gá rẹ bú ọ níwájú gbogbo ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, ṣé o gbá a létí? Olópàá tó ní kó o tú búùtù mọ́tò rẹ lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? O ní "ẹ má bínú, ọ̀gá". Ẹ̀mí tó ń wo ipò èèyàn kó tó gùn ọ́, ẹ̀mí wo nìyẹn?

Jónátánì, ọmọ Sọ́ọ̀lù, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn mí jù, nítorí pé èèyàn dáadáa ni. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ gbọ́. Sọ́ọ̀lù búra ní orúkọ Olúwa pé a kò ní pa Dáfídì, Jónátánì bá sáré lọ pè é, ó mú un padà wọlé. Ìpẹ̀tù sí aáwọ̀ ti kẹ́sẹ járí. Bó bá jẹ́ tiwa ni, a ti pín míníra, a ti ya fọ́tò. Ẹsẹ 6 ni ìbúra yẹn wà. Nígbà tó fi máa di ẹsẹ 10, ọ̀kọ̀ tún ti wà lára ògiri.

N kò sọ pé irọ́ ni Sọ́ọ̀lù pa nígbà tó búra. Ó lè jẹ́ pé ó dá òun gan-an lójú. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń sunkún níwájú àwọn àgbà ìjọ, omijé gidi ni. Ṣùgbọ́n a máa ń ka omijé sí ẹ̀rí, a kì í wo ohun tó ṣì wà lọ́wọ́. Títí dé orí 20, Jónátánì ṣì ń bá Dáfídì jiyàn pé bàbá òun kò jẹ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìsọ fún òun. Ọjọ́ tó gbà ni ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ju ọ̀kọ̀ lu òun alára níbi oúnjẹ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ọkọ, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n láti kékeré tí ẹ sì ń búra fún un, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin òbí ìyàwó náà, tí orúkọ dálémosú ń bà lẹ́rù ju ohùn ọmọ yín lórí fóònù lọ, mo rí yín.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2022, Osinachi Nwachukwu kú ní Abuja. Ohùn rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ nínú orin "Ekwueme". Inú gbọ̀ngàn yìí la ti kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ sókè. Ìròyìn tó kọ́kọ́ tàn ni pé àìsàn ọ̀fun ló pa á. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nílé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ gíga Abuja dá a lẹ́bi, ó sì dájọ́ ikú fún un, kí wọ́n yẹgi fún un. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè máa pàtẹ́wọ́ fún okùn. Ohun tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé akọrin ilé Ọlọ́run ni. Ó ń dúró níwájú ọ̀pọ̀ èrò, gbohùngbohùn lọ́wọ́, àwa tí a wà nísàlẹ̀ sì ń sunkún ayọ̀.

Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó ti wọ ilé ọkọ rí, 36 ni ọkọ ti fi ìyà jẹ, yálà ó lù wọ́n ni, tàbí ó fi ipá bá wọn lò pọ̀, tàbí ó ń fi ọ̀rọ̀ àti ìhàlẹ̀ bà wọ́n nínú jẹ́. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ti lù tàbí fipá bá lò pọ̀, àwọn tó lé ní ìdajì kò wá ìrànlọ́wọ́ rárá. Ẹ má yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kàn fi ojú inú ka ìjókòó tí ẹ wà.

Ẹ̀mí wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, nítorí náà kí ẹni tó ń tòògbé jí. Bí ọkùnrin bá ti fún obìnrin lọ́rùn rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tó sì jọ pé ó "kàn fi dẹ́rù bà á" ni, ìyẹn kì í ṣe ìjà mọ́. Àwọn tó ṣèwádìí ikú àwọn obìnrin lọ́wọ́ ọkọ ní Amẹ́ríkà rí i pé ewu kí ó pa á lọ́jọ́ iwájú ti fi nǹkan bí ìlọ́po méje pọ̀ sí i. Ọrùn lè má ní àpá kankan. Bí ohùn bá há, bí itọ́ bá ṣòroó gbé mì, bí ẹyinjú bá pọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Bó bá sì jẹ́ aboyún, kó má ṣe dúró gbọ́ àlàyé ẹnikẹ́ni.

Ewu kejì ni ìgbà tí obìnrin náà bá fẹ́ lọ. Àwa tí a wà níta máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀kùn ni gbogbo rẹ̀: ṣé kó ṣáà jáde ni. Ọ̀kọ̀ kan ṣoṣo ni Sọ́ọ̀lù ń jù nígbà tí Dáfídì wà nílé. Ìgbà tí Dáfídì jáde ló kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ ogun dìde. Ẹni tó ń fi ẹ̀rù ṣàkóso ilé, ọjọ́ tí ilé bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń le jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ lára Míkálì.

Ọmọ Sọ́ọ̀lù ni Míkálì, ìyàwó Dáfídì, ó mọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ká ilé mọ́ ọkọ rẹ̀, kò pe ìpàdé ẹbí. Ó jẹ́ kó yé e pé alẹ́ ọjọ́ náà ni, pé bó bá di àárọ̀ ó ti bọ́. Ó gbà á lójú fèrèsé sọ̀ kalẹ̀. Ó wá tẹ́ ère sórí ibùsùn, ó fi irun ewúrẹ́ sí i lórí, ó da aṣọ bò ó, ó ní ara rẹ̀ kò yá. Àwọn ìránṣẹ́ lọ, wọ́n bọ̀, Dáfídì ti jìnnà. Míkálì òde òní ni aládùúgbò tó ń bá ọ tọ́jú báàgì kan sínú yàrá rẹ̀: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, sáìtífíkéètì rẹ, ìwé NIN, oògùn ọmọ tó ní ikọ́-fée, owó ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ kejì. Òun ni ẹ jọ ti fi ẹnu kò pé bó o bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé "ṣé ẹ ṣì ní èlùbọ́?", kì í ṣe èlùbọ́ lò ń wá. Kì í fúnni nímọ̀ràn púpọ̀. Ó ń dúró sójú fèrèsé.

Ọ̀nà tí fèrèsé yẹn gbà ní Èkó níbí, òfin ti là á. Láti 2007 ni ìpínlẹ̀ yìí ti ní òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé, kì í sì í ṣe lílù nìkan ni òfin náà pè bẹ́ẹ̀. Gbígba owó mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ìhàlẹ̀, títẹ̀lé èèyàn káàkiri, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí ọkùnrin náà má ṣe sún mọ́ ọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015, èyí tí Abuja ń lò tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti gbé wọlé, ní kí ẹni tó bá lu ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lọ ṣe ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta. Ẹ̀ka ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀, nọ́ńbà wọn ni 08000 333 333, owó fóònù yín kò ní lọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kọ̀ ti wà lófuurufú, 112 tàbí 767 ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń yẹ fóònù rẹ̀ wò, kọ ọ́ bí ẹni pé nọ́ńbà oníṣòwò ẹja ni.

Nígbà tí Dáfídì ń sá lọ, ó yà sílé Ọlọ́run ní Nóbù. Àlùfáà Áhímélékì fún un ní búrẹ́dì, ó fún un ní idà, kò sì pe Sọ́ọ̀lù lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó sínú ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, Dóégì ni orúkọ rẹ̀. Ó rí wọn. Ó lọ sọ. Àlùfáà 85 ló kú sí i. Láti ọjọ́ tí mo ti ka orí yẹn dáadáa, n kò tún lè sọ mọ́ pé Jónátánì ni mo jẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn. Jónátánì kò mọ̀. Èmi rí ọ̀rá, mo rí ìwé, mo rí bírò pupa, mo sì tẹ nọ́ńbà. Nítorí náà, ní ìjọ yìí, láti òní lọ, ẹni tó bá sá wá, a kò ní pe ọkọ. Ìyá Ìjọ ló ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò rí ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tí ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, tó o jókòó síbí tó o ń ṣe àmín, n kò gbàgbé rẹ. Ní orí 22, níbi tí Sọ́ọ̀lù ti di ọ̀kọ̀ mú lábẹ́ igi, ẹjọ́ ló ń rò: kò sí ẹni tó káàánú òun, gbogbo wọn ti dìtẹ̀ mọ́ òun. Ó gbà á gbọ́, ó ń ju ọ̀kọ̀, ó sì ń sunkún ara rẹ̀. Bó o bá gbọ́ ohùn ara rẹ níbẹ̀, má wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìyàwó rẹ. Ìwọ nìkan ni kó o wá. Má sì wá sọ ohun tó ṣe fún mi. Ohun tí ìwọ ṣe ni kó o sọ. Kó kúrò nílé fún un kí òun àti àwọn ọmọ lè sùn. Ibi tí ìrònúpìwàdà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Omijé lè dé lẹ́yìn.

Ó ku ìdáríjì, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró dè é láti fi dá mi lóhùn. Ní orí 26, Dáfídì wọ àgọ́ Sọ́ọ̀lù lóru. Ọba sùn. Ọ̀kọ̀ wà níbi orí rẹ̀. Ábíṣáì tó bá a lọ ní kí ó jẹ́ kí òun gún un lẹ́ẹ̀kan péré. Dáfídì kọ̀. Ó mú ọ̀kọ̀ náà àti ìgò omi, ó lọ. Ó gun orí òkè kejì, Bíbélì sọ pé àlàfo ńlá wà láàárín wọn, ibẹ̀ ló ti wá ké pe àwọn ọmọ ogun Sọ́ọ̀lù. Sọ́ọ̀lù dáhùn, ó ní òun ti ṣẹ̀, kí ọmọ òun padà wálé, òun kò ní ṣe é níbi mọ́. Dáfídì ti dárí jì í. Ó ti ní ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó ní ọ̀kọ̀ ọba rèé, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wá gbé e. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ. Ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Arábìnrin mi náà sá lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta, kò wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ rántí ata rodo, 200, tó wà nínú ìwé. 150 ni ata yẹn. Ìyá aláta tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá a tọ́jú 50, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, fún ọdún méjì ó lé, nínú agolo mílíìkì lábẹ́ àtẹ. Abẹ́ àtẹ kan náà ni sáìtífíkéètì tíṣà rẹ̀ wà, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Ìyá yẹn kò mọ̀wé. N kò rò pé ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó fi arábìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń lọ kó ata.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè mí. Òun ni. Ó ní ọmọ òun ti wọ ilé-ìwé girama, òun ti ń kọ́ni padà. Ó ní òun pè kí òun lè sọ fún mi pé òun ti dárí jì mí, nítorí ó ń wúwo lọ́kàn òun. Mo dúpẹ́. N kò tètè rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí mo rí i, mo ní, "Níbo lẹ wá wà báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà," ó sì pa fóònù rẹ̀.